Ta ló ni ojú títì? Agbára ìjọba ìbílẹ̀ lórí kébù, máàsì àti tẹlifíṣọ̀n àdúgbò

Kámẹ́ràÀdúgbò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára.

Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi àkókò mi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n àdúgbò wa. Yàrá méjì péré la ní, lábẹ́ ilé ìkàwé ìlú: kámẹ́rà mẹ́ta, tábìlì kan tí a fi ìwé ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó má baà máa mì, àti aṣọ aláwọ̀ ewé tí a ta mọ́ ògiri. Àwa la máa ń gbé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní bí wọ́n ṣe ń mú kámẹ́rà dání. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún máa ń wá ka ìròyìn àdúgbò lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé àbá kan wá pé kí ìlú gé owó wa sí ìdajì, nítorí owó tí ilé-iṣẹ́ kébù, ìyẹn àwọn tó ń fi wáyà gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé, ń san fún ìlú ń dínkù lọ́dọọdún. Nípàdé yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí máàsì kéékèèké mọ́kànlá tí ilé-iṣẹ́ fóònù kan fẹ́ gbé kọ́ àwọn òpó iná wa. Nígbà tí àwọn èèyàn ń ráhùn, ọmọ ìgbìmọ̀ kan dìde, ó ní, "Ọwọ́ wa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín." Èmi ni mo wà nídìí kámẹ́rà nígbà tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ kò ní agbára kankan? Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọn yóò dìbò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún ará ìlú láti sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?

AlágbàOjúTítì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìlú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kébù ní ìlú kan níhìn-ín kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdajì òtítọ́ ni ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn sọ. Ìdajì tó kù ni kó o gbé lọ bá wọn.

Ojú títì ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí bí ilé-iṣẹ́ kébù ṣe lè fa wáyà dé ilé ẹnikẹ́ni láìgba ẹ̀bá ọ̀nà tàbí abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti 1948, nígbà tí àwọn ìlú kéékèèké láàárín òkè ní Pennsylvania, Oregon àti Arkansas kò rí tẹlifíṣọ̀n gbà dáadáa. Ẹnì kan á gbé áńtẹ́nà lọ sórí òkè, á wá fa wáyà wá sí ilé àwọn aládùúgbò. Bí wáyà bá sì ti máa gba ojú títì kọjá, ó di ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn. Àdéhùn tí ìlú ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe kó tó lè lo títì ni ìpìlẹ̀ gbogbo agbára tí à ń sọ yìí.

Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Òfin kébù ti 1984 fìdí èyí múlẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà: ìlú lè gba owó tó tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún (5%) lórí owó tí ilé-iṣẹ́ náà bá pa lórí iṣẹ́ kébù láàárín oṣù méjìlá. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan náà ló gba ìlú láyè láti béèrè ìkànnì fún ará ìlú, fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún ìjọba. Ó sì ka ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kébù kò nínú ohun tí à ń gbé jáde níbẹ̀, àyàfi ohun ìṣekúṣe tó lòdì sófin.

Kí òfin yẹn tó dé, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, ti gbìyànjú láti fi ìlànà tirẹ̀ sọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ di dandan. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e ní 1979, wọ́n ní àwọn aṣòfin kò fún àjọ náà ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àánú ilé-iṣẹ́ kan ni ìkànnì yín fi wà. Àdéhùn ló bí i.

Sọ fún mi: ìlú yín gan-an ló fọwọ́ sí àdéhùn náà ni, àbí ìpínlẹ̀? Texas gbé agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn ìlú lọ sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ ní 2005, California tẹ̀ lé e ní 2006, àwọn mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ibi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á, agbára ìlú dínkù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ṣì ń dé ọwọ́ wọn.

Kámẹ́ràÀdúgbò

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti wò ó, ìlú wa gan-an ló fọwọ́ sí i. Ọdún tó ń bọ̀ ni àdéhùn náà máa parí.

AlágbàOjúTítì

Háà! Ó yẹ kó o ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ìgbà tí àdéhùn bá fẹ́ parí ni ọwọ́ ìlú máa ń le jù.

ÌyáÌbejì

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìwé owó kébù mi ti oṣù yìí jáde láti inú dúrọ́ọ̀ ni. Dọ́là méjìlélọ́gọ́rin ni tẹlifíṣọ̀n. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kéékèèké, wọ́n kọ "franchise fee", dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní "PEG fee", sẹ́ǹtì márùndínláàádọ́rin. Ọdún mélòó ni mo ti ń san án tí n kò mọ ohun tó jẹ́! Owó orí ni mo pè é. Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ tí Bàbá ń sọ yìí náà nìyẹn? Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń lo títì, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni mò ń san án?

AlágbàOjúTítì

Òun gan-an ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣírò ó: 5% lórí dọ́là méjìlélọ́gọ́rin, dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni. Òfin gba ilé-iṣẹ́ láyè láti kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ lórí ìwé owó, kí oníbàárà lè rí i. Ìlà kejì, PEG, ni owó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ fún ìkànnì ará ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí kò sí lórí ìwé yẹn ni kí ẹ kíyè sí. Ṣé ẹ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú?

ÌyáÌbejì

Bẹ́ẹ̀ ni. Inú wáyà kan náà ló ń gbà wọlé.

AlágbàOjúTítì

Ìlú kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn lábẹ́ àdéhùn kébù. Wáyà kan náà, òpó kan náà, kòtò kan náà ni wọ́n gbẹ́ ní títì. Àmọ́ FCC ti sọ pé iṣẹ́ kébù nìkan ni ìlú lè fi àdéhùn kébù darí, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì tó bá a rìn. Ìdí nìyí tí owó fi ń gbẹ. Bí èèyàn bá fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ tó di íntánẹ́ẹ̀tì mú, ilé-iṣẹ́ ṣì ń pawó nínú ilé yẹn, wáyà wọn ṣì wà ní títì wa, ìṣákọ́lẹ̀ ni kò wọlé mọ́.

Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ èyí. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀.

MoTiGéWáyà

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ tèmi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti já wáyà kébù sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń wò, orí fóònù ni. Kí ló dé tí àwọn tó kù lórí kébù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó, á fi máa san owó ìkànnì tí ènìyàn díẹ̀ ń wò? Ẹ gbé ìpàdé ìgbìmọ̀ sórí YouTube, ó parí. Bó bá sì jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn Netflix.

Kámẹ́ràÀdúgbò

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. A ti ń gbé ìpàdé sórí YouTube láti ìgbà tó ti pẹ́. Àmọ́ ta ló ń lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tó ń ta wáyà, tó ń fi gbohùngbohùn síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń dúró di aago mọ́kànlá òru nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn ti lọ tán? Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo tó wà ní ìlú wa tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé. Ìpàdé kan wà lọ́dún tó kọjá tí àwa mẹ́ta péré jókòó sí yàtọ̀ sí àwọn ìgbìmọ̀: èmi, ẹnì kejì mi nídìí kámẹ́rà kejì, àti ọkùnrin kan tó ń dúró de àṣẹ láti kọ́ ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ní alẹ́ yẹn ni wọ́n dìbò lórí ètò ìnáwó gbogbo ọdún.

YouTube kì í ra kámẹ́rà fún ẹnikẹ́ni.

AmòfinÀdúgbò

Lórí ọ̀rọ̀ Netflix tí MoTiGéWáyà mẹ́nu bà: àwọn ìlú ti gbìyànjú rẹ̀. Ashdown ní Arkansas àti Reno ní Nevada pe Netflix àti Hulu lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san irú owó yìí. Àwọn méjèèjì ló pàdánù ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2022, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé òfin ìpínlẹ̀ wọn kò fún ìlú fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dìde. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni irú ìyípadà yẹn ti lè wá. Má fi ọ̀kankan nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ ṣòfò lórí rẹ̀.

Ohun kejì. Ní 2019, FCC ṣe ìlànà kan tó lè kàn yín. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fún ìlú láìgba owó, bí iṣẹ́ kébù ọ̀fẹ́ sí ilé-ìwé àti ilé panápaná, wọ́n ní kí wọ́n máa kà á mọ́ 5% yẹn. Àwọn ìlú pe ẹjọ́, Eugene ní Oregon ló ṣíwájú wọn. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gbà pẹ̀lú FCC lórí èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ní iye tó ná ilé-iṣẹ́ láti ṣe é ni kí wọ́n yọ, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé àwọn ti yọ owó lára ìṣákọ́lẹ̀ nítorí nǹkan ọ̀fẹ́, kí ìlú béèrè báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

AlágbàOjúTítì

Amòfin, o ṣeun. Ẹ̀yin ẹ wo ibi tí mo fẹ́ kí Kámẹ́ràÀdúgbò tẹ̀ mọ́: ìṣirò.

Ìlú yín ní, "owó ń dínkù". Ṣé wọ́n ti yẹ ìwé wò? Púpọ̀ nínú àdéhùn ló fún ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rán oníṣirò lọ yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò. Lọ́dún kan, èmi àti oníṣirò kan jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, àpótí ìwé yí wa ká. Ohun tí a rí rèé. Ilé-iṣẹ́ náà ń ta tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù pa pọ̀, wọ́n á wá gé owó kúrò fún ẹni tó bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń gbé owó tí wọ́n gé kà. Nítorí kí ni? Nítorí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. A tún rí odindi òpópónà méjì tí wọ́n kọ sábẹ́ ìlú kejì, tó fi jẹ́ pé owó àwọn ará ibẹ̀ ń lọ síbi tí kì í ṣe tiwọn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n san padà nígbà tí a fi ìwé hàn wọ́n.

Kí ẹ tó gé owó ọmọdé tó ń kọ́ kámẹ́rà, ẹ lọ yẹ ìwé wò ná. Ìyẹn nìkan tó fún ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́ta rẹ.

ÌyáÌbejì

Bàbá, ẹ mú mi rántí nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n tún wáyà ilé mi ṣe, wọ́n tẹ́ wáyà dúdú kan sílẹ̀ gba orí koríko kọjá, láti ẹ̀gbẹ́ òpó dé ara ògiri, wọ́n ní àwọn á padà wá bò ó mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin! Àwọn ìbejì kọsẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gé koríko fún wa kọ̀ láti wá mọ́. Mo pè wọ́n títí ó fi sú mi. Aládùúgbò kan ló sọ fún mi pé ọ́fíìsì kan wà ní ilé ìlú tí à ń kọ̀wé sí. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó máa fi di Ìṣẹ́gun kejì, wọ́n ti wá bò ó. N kò mọ̀ nígbà náà pé àdéhùn ni wọ́n fi mú wọn.

AlágbàOjúTítì

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ wa nìyẹn. FCC ní ìlànà ìtọ́jú oníbàárà tí ìlú lè lò lé ilé-iṣẹ́ kébù lórí: kí wọ́n gbé fóònù láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbà àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún; bí iṣẹ́ bá dákú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún; kí wọ́n fa wáyà fún oníbàárà tuntun láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Ìlú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé sọ fún ilé-iṣẹ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú, pé òun máa mú un lò. Àìmọye ìlú ni kò tíì kọ ìwé kan ṣoṣo yẹn.

Ẹlẹ́rọÒpó

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí máàsì, torí orí òpó ni mo ti ń jẹun.

Ìgbì rédíò tó ń gbọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà gan-an láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (high frequency) máa ń gbé data púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ewé igi lásán lè dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ kéékèèké sún mọ́ ara wọn lórí òpó iná dípò máàsì gíga kan ṣoṣo. Bí ẹ bá wo òkè, ẹ óò rí ohun kan bí agolo ńlá lórí òpó, àpótí kan lára rẹ̀, àti wáyà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Àwọn àpótí kan ní fáànù nínú. Lọ́sàn-án, ẹ lè má gbọ́ ọ. Lóru, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí i á gbọ́ ọ.

ÌyáÌbejì

Ọ̀kan nínú irú wọn fẹ́ wá sí iwájú iléèwé àwọn ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí nípa ìlera wọn. Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìlú wa níbí.

AmòfinÀdúgbò

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù yín yé mi, èmi náà lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n jàre nù. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 1996 sọ pé ìlú kò gbọdọ̀ kọ máàsì nítorí ìtànṣán rẹ̀, bí ó bá ti wà láàárín òṣùwọ̀n tí FCC fi lélẹ̀. Bí gbogbo ará ìlú bá dìde tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlera, tí ìgbìmọ̀ sì wá kọ̀ ọ́, ìwé ìpàdé yẹn ni agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ máa gbé lọ sí kóòtù.

Ohun tí ìlú lè béèrè rèé: ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà bá òṣùwọ̀n FCC mu. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ lórí ibi tó máa wà, gíga rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ariwo fáànù tí Ẹlẹ́rọÒpó sọ, bóyá ó dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ó gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu, kò sì gbọdọ̀ di ọ̀nà láti lé iṣẹ́ náà jáde nílùú. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Roswell ní Georgia kọ máàsì kan, wọn kò sì gbé kúlẹ̀kúlẹ̀ ìdí rẹ̀ jáde lásìkò; ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìdí náà gbọ́dọ̀ jáde ní kíkọ ní nǹkan bí àkókò kan náà pẹ̀lú ìpinnu.

Àkókò tún ṣe pàtàkì. Láti 2018, FCC fún ìlú ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dáhùn lórí máàsì kékeré tó máa wà lára òpó tó ti wà tẹ́lẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́ bó bá jẹ́ òpó tuntun. Owó tí ìlú lè gbà lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí àríyànjiyàn jẹ́ 270 dọ́là. Ìlú tó bá fẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye tí iṣẹ́ náà ń ná òun nìyẹn.

MoTiGéWáyà

270 dọ́là lọ́dún fún òpó ìlú! N kò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹ ń sọ.

AkọRédíò

Nàìjíríà ni mo wà, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Tiwa níbí yàtọ̀. Ìwé òfin 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti gba owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Owó gbígbà nìyẹn o, kì í ṣe àbójútó. Ọwọ́ NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ni ọ̀rọ̀ àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà, ti fóònù sì wà lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ dá rédíò àdúgbò sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni yóò lọ. Kò sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti lè sọ fún onílé-iṣẹ́ kan pé, "nítorí o ń lo títì wa, fún àwọn ará àdúgbò ní ìkànnì kan." Bí mo ṣe ń ka ohun tí Kámẹ́ràÀdúgbò ní lọ́wọ́, ó ń wù mí. Ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹlẹ́rọÒpó

Ẹ̀gbọ́n, rédíò àdúgbò tibí náà, FCC ló ń fún un láṣẹ. Ọgọ́rùn-ún wáàtì ni agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ìlú kò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀, àyàfi lórí ibi tí áńtẹ́nà rẹ̀ máa dúró sí.

Kámẹ́ràÀdúgbò

Mo ti padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Alẹ́ àná ni ìpàdé náà.

Mo bẹ ẹnì kejì mi pé kó bá mi di kámẹ́rà mú, mo sì lọ dúró níwájú gbohùngbohùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gbé ìwé owó kébù sókè, mo ka ìlà méjì tí Ìyá Ìbejì fi hàn wá. Mo béèrè ìgbà wo ni wọ́n yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò kẹ́yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú. Olùṣírò owó ìlú tẹ́ ẹnu mọ́ gbohùngbohùn, ó ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, òun kò rí i kí wọ́n ṣe é rí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé àdéhùn máa parí lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n má sì gé ohun tí wọn kò tíì jókòó dúnàádúrà lé lórí.

Ọmọ ìgbìmọ̀ tó sọ pé ọwọ́ wọn kò sí níbẹ̀ náà ló dá a lábàá pé kí wọ́n sún ìdìbò síwájú oṣù mẹ́ta, kí wọ́n wá oníṣirò. Márùn-ún gbà, méjì kọ̀. Ti máàsì ti kọjá, wọn kò lè yí i padà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí agbẹjọ́rò ìlú kọ ìlànà nípa ariwo àti ibi tí àpótí máa wà fún èyí tó bá tún ń bọ̀.

Bàbá AlágbàOjúTítì, wọ́n ní kí ará ìlú méjì wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa dúnàádúrà náà. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Irú ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ béèrè?

AlágbàOjúTítì

Àdéhùn tó wà nílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Àkọsílẹ̀ owó tí ilé-iṣẹ́ san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fún gbogbo ọdún tí àdéhùn bá gbà yín láyè láti yẹ̀ wò. Àti orúkọ gbogbo òpópónà tó wà nínú ìlú yín, kó o fi wé tiwọn. Fi ránṣẹ́ sí mi bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, a óò jọ kà á.